Òdòdó Tí Dádì Dọ̀bálẹ̀ Fún

Lánàá, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wo òdòdó áírísì létí odò Potomac, ní Fort Washington, lókè òkun níbí. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tì í, òórùn ẹrẹ̀ tútù sọ mí di ọmọ ọdún méje.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Dádì mi, tí wọ́n ń wa takisí, mú mi wá síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí òdòdó kan láàárín koríko, wọ́n nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

Nílé wa, àgbà nìkan ni ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún. Mo rò pé òdòdó náà ju Dádì lọ lọ́jọ́ orí, lèmi náà bá kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán mà."

Dádì ò rẹ́rìn-ín. "O ṣeun. Kí lo rí?"

Mo ní ewé rẹ̀ gùn bí idà. Òdòdó ọ̀hún dúdú bí aró; apá mẹ́ta tẹ̀ wálẹ̀, mẹ́ta nà sókè. Ilà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ bíi ti ojú bàbá àgbà.

"Ilà yẹn ló ń júwe ọ̀nà fún oyin," ni Dádì wí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sáré kọjá bèèrè bóyá wọ́n ṣubú ni.

"Rárá o. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ó yà mí lẹ́nu. Ṣebí takisí ni iṣẹ́ wọn? Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìmọ̀ ewéko ni Dádì ń kọ́ni ní yunifásítì, kí a tó kúrò ní Ìbàdàn.

Lánàá, mo bojú wẹ̀yìn, orí mi sì wú. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀.

Dádì, ẹnu iṣẹ́ lẹ ṣì wà.