Ọjọ́ Tí Mo Bú Ìkòkò Ìyá Mi

Ẹ̀bi ọ̀gá wa ni, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn Abẹ́òkúta, tí òógùn á máa ṣàn lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, òun ló mú mi wọ inú òwò ìkòkò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Adigbe nígbà náà, lẹ́yìn tí èmi àti ìyá tó ni ilé-ìwé jọ sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wa débi pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì ń pàtẹ́wọ́. Mo wà nílé, mo ń ka páánù òrùlé, ni obìnrin náà bá dé. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń gbé e lé, kó máa tà á fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, kó sì mú àwọn náà wọlé kí wọ́n máa tà. Ìkòkò ni ọjà ọ̀hún. Ó nípọn, ó ń dán, oúnjẹ kì í jóná nínú rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti rí ara mi nínú kóòtù.

Ohun tí mi ò jókòó rò ni pé ìkòkò ni ìyá mi náà ń tà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Àárín ìkòkò ni mo ti ń sùn láti kékeré, ní ìsọ̀ wọn ní ọjà Kútọ̀, ìsọ̀ tí ìyá tiwọn fà lé wọn lọ́wọ́. Mo kàn rò pé tèmi yàtọ̀ ni. Tèmi wà nínú páálí, ó sì ní ìwé.

Ọ̀gá wa kọ́ wa bí a ṣe máa kéde ara wa. "Ẹ má sọ ohun tó jẹ́ o," ló wí. "Tí ẹ bá ti sọ ọ́, wọn ò ní wá. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ní ìròyìn ayọ̀." Èmi náà, ọmọ tó gbọ́ràn lọ́jọ́ tí kò yẹ kó gbọ́ràn, mo tẹ̀ ẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí: Ẹ̀yin ẹbí mi, mo ní ìròyìn ayọ̀ tó máa yí ayé mi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ẹ wá wò ó. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì tí kò tíì lọ́kọ ló ń pe ẹbí jọ sórí ìròyìn ayọ̀. Kí lẹ rò pé wọ́n máa rò?

Ìyá mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ò jẹ́ kójú tì mí lójú àwọn èèyàn bàbá ẹ," wọ́n sì bú sẹ́kún. Mo rò pé ẹnì kan ti ta wọ́n lólobó nípa òwò náà ni! Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, pé àwọn náà máa jàǹfààní ẹ̀. Ni wọ́n bá tún ń sunkún sí i.

Nígbà tí mo gbé páálí mi dé agboolé wa lọ́jọ́ Àìkú, àga ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ààfáà ti jókòó, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà Àgbà, tí orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n jáde, ti wọ léèsì. Ìyá mi ti se ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ìkòkò ńlá wọn, èyí tí wọ́n fi se oúnjẹ ìkómọ gbogbo wa, oníkálùkù sì ń jẹ. Àlájà Àgbà ò kí mi. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò.

"Àwọn dà?" ni wọ́n bi mí.

"Àwọn wo, mà?"

"Àwọn ẹbí ọkọ."

Yéè! Mo wo ìyá mi. Gèlè wọn ga, ẹnu wọn ò padé. Ẹni tó lórí pípé ì bá ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí jù. Mo bá kó sínú ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa ní ká há sórí, mo ṣí páálí, mo gbé ìkòkò sókè.

Àbúrò mi ọkùnrin wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ìkòkò lọkọ wà ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi. Èmi ò dúró. "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìkòkò tí ẹ ń rà lọ́jà ló ń ṣe yín léṣe? Ó ń bó sínú oúnjẹ. Ó ń fa inú rírun. Ó ń fa orúnkún dídùn." Bí mo ṣe há a sórí ni mo ṣe ń kà á, n ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ọwọ́ dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ààfáà rọra dá ṣíbí padà. Àlájà Àgbà wo orúnkún wọn, wọ́n wo ìkòkò ńlá, wọ́n wá yíjú sí ìyá mi. Kò sí ẹnì kan nínú ilé yẹn tó ra ìkòkò lọ́wọ́ ẹlòmíì rí yàtọ̀ sí ìyá mi.

"Ìyàwó wa," ni Àlájà wí, "ọmọ ẹ ní májèlé lo ń tà fún wa."

Mo wá gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó dùn mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ẹbí ti fi ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà nítorí ọkọ tí mi ò mú wá, èmi tún wá gbé orúkọ tí ìyá mi fi gbogbo ayé wọn tò kalẹ̀ fún ẹbí láti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá mi dìde. Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi oríkèé ìka kàn án, wọ́n fetí sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìsọ̀. Wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí ẹ̀ yí ká, wọ́n fa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Ìdérí ẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ ìdí ẹ̀ dáa." Wọ́n kọjú sí ẹbí. "Ọmọ mi ti ń ṣòwò. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ra èyí. Ẹ máa jẹun yín jàre! Oúnjẹ inú ìkòkò ńlá yẹn náà la fi tọ́ ọ, ẹ ṣáà rí bí ẹnu ẹ̀ ṣe le tó. Ààfáà, ẹ bá wa ṣàdúrà sí i."

Ààfáà ò ní àdúrà ìkòkò nílẹ̀, ti ìgbéyàwó ló gbé wá. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí àárín èmi àti ìkòkò náà tòrò, kó fi ìbejì jíǹkí wa. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Kò sẹ́lòmíì tó rà á. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ń tì mí, mi ò lè lọ bẹ ìyá mi. Nígbà tí mo wá lọ sí Kútọ̀, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo gbà bí olè. Ìkòkò mi ni mo kọ́kọ́ rí. Iwájú ọjà ni wọ́n gbé e sí, ó ga ju tiwọn lọ, bébà ṣì wà nídìí ẹ̀. Obìnrin kan tó ń ra ìkòkò búkà lọ sí Owódé nàka sí i.

"Màmá, nínú èyí àti tiyín, èwo ló dáa jù?"

Ìyá mi kì í yin ọjà ọlọ́jà. Wọ́n lè bá èèyàn jà lórí ẹ̀.

"Ìyẹn ni," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ló ń tà á. Ẹ jẹ́ n pè é fún yín."

Wọ́n fa fóònù yọ. Tèmi dún nínú báàgì mi, lẹ́yìn wọn gan-an. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò, omijé ti gba ojú mi kan.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Oníbàárà ẹ ń dúró."