Àga tí Bàbá Adébánjí Gbé Pọ̀n ní Festac

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi má rí ẹran jẹ mọ́. Òótọ́ ni láti òkè délẹ̀.

Ní ọdún tí nǹkan le débi pé àga tuntun di ohun tí èèyàn kàn ń wò láti ìta ṣọ́ọ̀bù, Adébánjí, ọmọ Gbádégẹṣin, ní Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ Ògúnjìnmí, lòun fẹ́ fẹ́. Inú Bernice, ìyá ọmọbìnrin náà, dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó ti gbọ́ pé bàbá ọkọ, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní ọmọ òun ò ní fẹ́yàwó nílé ẹni tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló fẹ́ wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

“Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra àga kan péré,” ni Bernice bẹ ọkọ rẹ̀. “Èyí tí ìdí ẹnikẹ́ni ò tíì kàn rí.”

“Tí ìdí ò bá tíì kàn án,” ni Ògúnjìnmí dáhùn, “ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí i pé kò ní já?”

Wẹ́dà ni Ògúnjìnmí ní Mazamaza. Bernice ló rí fúláàtì Festac gbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọkọ rẹ̀ ló sì ń kó pàǹtí kún un. Ó yọ ìjókòó iwájú lára Peugeot kan tó ti fẹnu gbá òpó, ó jó ẹsẹ̀ irin mẹ́rin mọ́ ọn, ó fi fẹ́líféètì bò ó. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ó ní kò bàjẹ́, kí ló dé tóun á fi gé e.

Ọjọ́ pé. Bàbá Adébánjí dé pẹ̀lú agbádá tó gan bíi páànù. Ògúnjìnmí fi í jókòó, ó fa bẹ́líìtì gba àyà rẹ̀ kọjá, ó tẹ̀ ẹ́ bọlé, pọ́kọ́. “Kí ẹ lè gbádùn ẹ̀ dáadáa, sà.”

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í jókòó sọ̀rọ̀ lójú òbí ìyàwó. Ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ ọmọ, ì báà jẹ́ pé kò fẹ́ ẹ mọ́, dandan ni kó dìde. Àlejò wa tún ọ̀fun ṣe, ó dìde. Àga bá a dìde.

Wọ́n tẹ bẹ́líìtì, wọ́n fà á, kò já. Ìpẹtà ti dì í pa. Bernice sáré gbé ọ̀bẹ wá.

“Ọ̀bẹ kẹ̀?” ni ọkọ rẹ̀ ní. “Ẹ fẹ́ ba nǹkan jẹ́ nítorí ìbínú.”

“Mi ò ṣe mọ́,” ni Bàbá Adébánjí sọ. “Mò ń lọ sílé mi.” Ó gbé àga pọ̀n bí ahun, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Orí kọjá, àyà kọjá, ẹsẹ̀ àga há mọ́ férémù. Ó wá di pé ó jókòó sáàárín ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn kọ́rídọ̀ ń fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ ń fì lókè. Ẹni tó wà nílé ò lè jáde, ẹni tó wà níta ò lè wọlé.

Bernice mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ òun ló há síbẹ̀ yẹn. Ó gbé àwo ìrẹsì gba orí ọkùnrin náà kọjá, ó gbé e lé e lórí itan.

Ògúnjìnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àga. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, báwo lẹ̀yìn yín?”

“Ẹ̀yìn ta?”

“Ẹ̀yìn yín. Ṣé ó ń dùn yín?”

Bàbá Adébánjí fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ wò. “Ó yẹ kó máa dùn mí,” ló wá sọ. “Àtìgbà tí mo ti wà ní ọ́fíìsì ló ti ń dùn mí.” Ó fẹ̀yìn tì. “Kò dùn mí.”

Ó jẹ ìrẹsì tán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Kí wọ́n tó fi gírísì tú u sílẹ̀, ó ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ó sì ti ní òun ò kúrò níbẹ̀ láìgbé àga òun. Ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ, àga ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ.

Bernice ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògúnjìnmí ti sọ fíríìjì kan di ibi ìkáṣọsí rí. Ó ní fíríìjì náà ò kú, ó kàn pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Aáyán ò lè wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òórùn ẹja títùsì ò jáde níbẹ̀. Bernice wọ léèsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ológbò àdúgbò tẹ̀ lé e. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò tuntun dìde, àwọn ológbò ti wà lórí ìdúró.

Sálúbàtà tó fi táyà ṣe ńkọ́? Ibi tó bá gbà nínú iyanrìn, ojú ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń hàn. Mẹ́gáàdì tọ̀ ọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní mọ́tò kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀bùnlọlá ti ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn mú Ògúnjìnmí lọ. Bàbá Adébánjí sunkún bí ọmọdé, ó ní àfi kí wọ́n kan pósí tuntun fún ọ̀rẹ́ òun. Bernice lọ wò ó lọ́dọ̀ káfíńtà ní Abúlé Adó. Igi tuntun, ìṣó tuntun, ó ń dán gbinrin. Gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ọkọ ló fi ń tọrọ nǹkan tuntun, òun rèé. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ kúrò.

“Màmá, ẹ má sunkún mọ́,” ni káfíńtà ní.

Bernice ò sunkún. Abẹ́ tábìlì káfíńtà ló ń wò.

“Àwọn àgékù pákó yẹn,” ló rọra béèrè, “kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“A máa ń fi dáná ni, mà.”

“Dáná? Èyí tó lè di àpótí ìjókòó fún ọmọ Ẹ̀bùn?”

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibì kan péré ni mo ti fi tèmi kún un: mo ní ó rọra béèrè. Kò rọra. Ó ti di àwọn pákó náà, ó ti gbé wọn rù, kó tó la ẹnu.