Àga Ràímì nínú Ilé Eré Adja-Ouèrè

Bí ẹ bá wọ Ilé Eré tó wà ní Adja-Ouèrè lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wolẹ̀ dáadáa. Kò sí àlejò tó wọbẹ̀ tí kì í fẹsẹ̀ kọ. Kùkùté igi pọ̀ nínú sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n tò ní ìlà-ìlà, wọn ò sì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá bi àwọn èèyàn, wọn á ní ikán ló jẹ òpó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ gbuu! Ràímì gbẹ́nàgbẹ́nà ló wà nídìí ẹ̀, orí kunkun rẹ̀ ló sì fà á.

Ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira ni ìlú pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé náà, Ràímì ni wọ́n sì ní kó kan àga gbọọrọ mẹ́wàá síbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni Ràímì ti kọ́ṣẹ́. Ó ti rí ilé eré àwọn Faransé níbẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti jókòó ní ìlà, tí wọ́n dojú kọ ìtàgé, tí ẹni iwájú kẹ́yìn sí ẹni ẹ̀yìn. Ó ní ọ̀làjú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí nílùú tòun. Nígbà tó sì mọ ìwà àwọn èèyàn rẹ̀, tó mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ tí wọ́n á fi wọ́ àga kiri, kò kàn án lásán. Ó ri ẹsẹ̀ àga mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ inú sìmẹ́ńtì nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ó gbọnwọ́ nù, ó lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló máa jókòó kẹ́yìn sí àgbàlagbà ní Adja-Ouèrè? Àwọn ọ̀dọ́ ò jẹ́ jókòó síwájú àgbà. Àwọn àgbà náà ò jẹ́ bọ́ síwájú, nítorí àgbà tó bá jókòó, ara ògiri ló ń fẹ̀yìn tì, kó lè rí ẹni tó kí i àti ẹni tí kò kí i. Agbo la máa ń ṣe bí a bá ń wòran nílé wa, ojú ko ojú. Nítorí náà, láti ọjọ́ eré àkọ́kọ́, àwọn àgbà dúró mọ́ ògiri ẹ̀yìn, àwọn ọ̀dọ́ há sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé níta. Àga nìkan ló ráyè jókòó wòran.

Inú bí Ràímì, ó bí i gan-an ni. Ọjọ́ eré kan ò ní kọjá kó má pariwo pé, “Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará oko yìí! Ṣé àga ń géni jẹ ni?” Wọ́n á ní kó tú àga kúrò, káwọn fi yí ilé po. Á pòṣé, á ní láéláé. Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ náà sọ ọ́ títí ó fi sú u. Odidi ọdún méjìlá lọkùnrin yìí fi ṣe agídí!

Ìgbà tí ìjọba ìyípadà àwọn ṣọ́jà dé ni wàhálà wá kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ibi tí àwọn máa kó àgbàdo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sí, àti pé Kámáráàdì Pélagie, òṣìṣẹ́ wọn lóbìnrin, ń bọ̀ láti wo ilé náà lọ́jọ́ eré tó kàn; kámáráàdì ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn nígbà náà. Bí obìnrin náà bá rí i pé ilé náà kò wúlò fáwọn ará ìlú, àgbàdo ló máa wọlé, eré á sì parí títí ayé. Ràímì rìn káàkiri ìlú ìtòsí, ó dé Massè, ó dé Tatonnonkon, ó ń bẹ onílé bẹ àlejò pé kí wọ́n dákun wá, kí wọ́n sì jókòó.

Wọ́n wá o! Èrò kún títí dé òpópónà. Nígbà tí Pélagie fi máa wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àga mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lófìfo, àfi ewúrẹ́ kan tó nà gbalaja sórí ti iwájú. Ó wo ewúrẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ràímì sáré lọ bá Bàbá Fábíyì, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. “Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bọ́ síwájú.”

“Kí n kẹ́yìn sí gbogbo ìlú? Kí ni mo jí gbé?”

Ràímì yíjú sáwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní ṣé kí àwọn kẹ́yìn sí Bàbá Fábíyì ni.

Pélagie pa ìwé dé. “Kámáráàdì, àwọn èèyàn yín ò fẹ́ ilé yìí. Lọ́jọ́ Ajé, àgbàdo á dé.”

Ràímì ò mọ ẹni tí ì bá bínú sí mọ́, bóyá àgbà ni, bóyá ọ̀dọ́, bóyá obìnrin yìí, tàbí ara rẹ̀ gan-an. Ó sáré lọ sílé, ó gbé ayùn dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹsẹ̀ àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ìrókò ni, ó le bí irin. Òógùn bò ó.

“Kí lẹ ń wò? Ẹ ràn mí lọ́wọ́!”

Ni àwọn ará Massè bá fa àdá yọ. Ràímì figbe ta: “Yéè! Ẹ má gé e bí ẹni ń ṣán oko! Ó máa wọ́!” Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Àga ń ṣubú gbì gbì, òmíràn gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì. Wọ́n gbé wọn yí ògiri po. Bàbá Fábíyì wo ìtàgé, ó gùn ún, ó fẹ̀yìn ti ògiri ibẹ̀, ó ní, “Ibí dára.” Àwọn àgbà yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn eléré bọ́ sílẹ̀ sáàárín agbo. Bàbá Fábíyì nawọ́ sí Pélagie pé kó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, obìnrin náà sì gòkè lọ. Kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín débi pé ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì mú un nílẹ̀ tó fi ní kí wọ́n lọ wá ibòmíràn fún àgbàdo.

Ràímì wá ibi tó máa jókòó, kò rí. Gbogbo àga ló kún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi, ayùn lórí itan, ó ń wo bí gbogbo wọn ṣe jókòó. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọdún méjìlá,” ló ń wí. “Ojú fèrèsé níta nìyá mi ti ń wòran títí tó fi kú. Nínú òjò! Ìyá tó bí mi lọ́mọ…”

Kùdírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látorí àga, ó fọwọ́ kàn án léjìká. “Bàbá Bíntù, ẹ dákẹ́ jàre. À ń wòran.”