Ọ̀dà Lára Mọ́tò Àna Mi

Ọsàn ni ìyàwó mi ń bó nínú mọ́tò ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Bí ó bá ti bó ọ̀kan tán, á gé orí rẹ̀, á sì nà án sí mi níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mu ọ̀kankan. Inú rírun ti ń dà á láàmú láti ìgbà òjò, ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ń gbé e lọ láti Ọ̀yọ́.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni. Tíṣà ni mí, n kò ní mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán, ló yá wa ní tirẹ̀. Tuntun ni, àwọ̀ rẹ̀ funfun. Nígbà tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Tíṣà, bí mo ṣe fún yín ni kí ẹ ṣe dá a padà." Bàbá wọn ti kú kí n tó fẹ́ ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n yìí náà ló fà á lé mi lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ń da ọ̀dà gbígbóná sí títì. Wọ́n ní kí a dúró. Ìyàwó mi ń kérora, n kò lè dúró, mo gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nígbà tí a máa fi dé ọsibítù, ọ̀dà ti ta sí ara ilẹ̀kùn títí dé ibi táyà ẹ̀yìn.

Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó rí i, ó káwọ́ lé orí. "Yéè! Tíṣà, kí la fẹ́ wí fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kọ́kọ́ jókòó ná."

"Ẹ má ní kí n jókòó. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i kí ó tó gbẹ."

Wọ́n ní ó di ọ̀sán kí dókítà tó rí i. Mo tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi, níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn ti ń dáná. Mo ń fi áńkáṣíìfù nu ọ̀dà náà nígbà tí obìnrin kan dìde nídìí ìkòkò rẹ̀, ó mú eérú àti kànìnkànìn dání.

"Ẹ sún, ọ̀gá. Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ nǹkan fífọ̀. Báyìí ni mo ṣe ń fọ ìdí ìkòkò mi."

Kí n tó la ẹnu, ó ti ha á. Ọ̀dà kò kúrò, ṣùgbọ́n dídán pẹ́ǹtì ti lọ, ojú ibẹ̀ sì họ yánnayànna.

"Ó ku díẹ̀!" ni ó wí tayọ̀tayọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè bínú sí ẹni tí inú rere gbé dìde? "Ẹ ṣeun, ìyá," ni mo wí.

Ìyàwó mi ló gbà mí. "Ìyá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà náà ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ti ń jókòó tì mí jù."

"Ìyàwó, o ò kúkú kẹ́ ọkọ rẹ!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iná.

Ìyàwó mi yọ ìgò àdín tó fi ń para jáde nínú báàgì. "Ẹ fi èyí pa á, kí ẹ fi sílẹ̀ kí ó rọ̀. Ẹ má ha á o. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún."

Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ lọ. Orí ẹní ló ti ń pàṣẹ: "Ó kù lápá òsì. Rárá, sókè díẹ̀. Ṣé ẹ ò fi jígí sójú ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì jáde wá pè é.

"Ẹ má dá a padà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi o," ni ó wí, bí ó ti ń fara ti nọ́ọ̀sì lọ.

"Màá ti ṣe é tán kí o tó jáde."

Àìsàn náà ti jinlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Kò jí.

Mo ránṣẹ́ sílé, àwọn èèyàn rẹ̀ wá fi lọ́rì gbé e padà sí Ọ̀yọ́, mo sì wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn. Ó yẹ kí n máa ronú nípa rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀dà tó kù nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló gba ọkàn mi. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú orí mi: a fún un lọ́mọ, a fún un ní mọ́tò, ẹ wo bí ó ṣe dá méjèèjì padà.

Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n ni mo gbé mọ́tò sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lápò mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò ó nígbà ìsìnkú. Nígbà tí àlejò túká, mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ti ní kí dẹ́rẹ́bà kan wá fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà náà kúrò. Mo gbé àdín àti aṣọ, mo sáré lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dìde, Tíṣà. Mọ́tò lásán ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ojú ibì kan ti họ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́," ni ó wí. Ó gbé àga rẹ̀ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kí n lè ráàyè.

Mo kúnlẹ̀. Oòrùn ti mú ọ̀dà náà le. Mo fi àdín pa á, mo dúró, mo nù ún, mo tún pa á. Mo ń tẹ orí sọ́tùn-ún sósì kí n lè rí ibi tó kù. Ibi tó họ kò lọ, n kò sì yọ ara mi lẹ́nu lórí ẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà dúdú náà tán, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.