Ṣọ́ọ̀lù Funfun Tí Mo Gbé Lọ Dá Padà

Òórùn páúdà ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, nítòsí Ọjà Igbó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Mo ti Ọ̀yọ́ wá bá ọmọ mi obìnrin dúró de ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ra ṣọ́ọ̀lù funfun kan tó rọ̀ bí òwú. Ìkúnlẹ̀ náà dé lóòótọ́, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò ké. Àwọn àgbà ilé ọkọ ló lọ sin ín. Ìyá rẹ̀ ò débẹ̀, èmi náà ò débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọsibítù máa dá ọmọ mi sílẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ wọlé bá ṣọ́ọ̀lù yẹn. Ibi tó ti wá ni kó padà sí. Mo dì í sínú ọ̀rá, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin tó ń tajà mọ̀ mí. Ó pariwo: "Ìyá àgbà ọmọ tuntun! Ẹ kú ewu o! Ọkùnrin àbí obìnrin?"

Mo gbé ọ̀rá lé tábìlì. "Mo fẹ́ dá a padà ni."

"Háà, Màmá! Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri yẹn pé a kì í gba ọjà padà."

"Ṣé ògiri ni mo bá ná an ni?"

Obìnrin kan tó ń yẹ fìlà ọmọ wò bú sẹ́rìn-ín. Aboyún ni, ikùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rín pa ọlọ́jà náà. "Ó dáa, Màmá. Bí nǹkan bá ṣe é, ẹ sọ ọ́, màá gbà á. Kí ló ṣe é?"

Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí lónìí ní òfin wà, pé bí ọjà bá lábùkù, ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjà tèmi ò lábùkù kankan, ìdí tí mo fi gbé e wá sì kọjá ohun tí a ń sọ lójú aboyún. Mo wo ikùn obìnrin yẹn.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ni mo wí. Mo gbé ọ̀rá mi. Mo sọ fún aboyún náà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ó ṣe àmín tayọ̀tayọ̀.

Kí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi délé, ọmọ mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ríbi fi ọ̀rá pamọ́ sí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fa ṣọ́ọ̀lù yọ, ó ń fọwọ́ pa á.

"Ìyá mi, kí ni wọ́n fi wé ọmọ mi?"

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

"Ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n fi èyí wé e." Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sunkún.

Èmi rò pé ìbànújẹ́ ni mò ń kó kúrò nílẹ̀ dè é. Àṣé ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti dì mú ni mo gbé lọ sọ́jà. Láti ìgbà náà, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, mi ò kì í bá wọn palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo máa ń jókòó tì wọ́n ni, títí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó fẹ́ kí a kó kúrò.