Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Igbó Wa

“Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Màrìwò tí mo bá so sí ẹnu ọ̀nà igbó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tú u. Irin wà nílẹ̀ nínú igbó yẹn. Mo ti sọ tèmi.”

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn, lórí Wásáàpù ẹbí wa, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará ilé dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Èmi kò lè fi àtàǹpàkò dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá pinnu pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Bẹyẹrúnká ni a ń gbé, nínú agboolé bàbá wa, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, a ní ilé nílùú, a sì ní abà lóko, ní apá ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn abà náà ni igbó kan wà tí bàbá bàbá wa yà sọ́tọ̀ fún ọdẹ ṣíṣe, tí wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáko. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Abà ló ń gbé, ọdẹ ló ń ṣe. Igbó náà kò tóbi. Láti ẹnu ọ̀nà dé odò tó jẹ́ ààlà, mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n rí, kò ju ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀ta lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe wọ inú rẹ̀ tí kò ní rẹ ohùn sílẹ̀. Òkè di ewé, ilẹ̀ di ewé, èèyàn á máa gbọ́ èémí ara rẹ̀.

Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ kò lóǹkà. Àwọn eléèédú ń wá gé igi. Àwọn kan ń wá ṣa ìgbín. Àwọn mìíràn a máa wá yọ ẹran kúrò nínú tàkúté tí wọn kò dẹ. Ṣùgbọ́n nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń bí ẹ̀gbọ́n mi nínú jù ni ìyá àgbà kan láti abà kejì, tó máa ń wá já olú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà dúró, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo gbin olú ni?” Ẹ̀gbọ́n mi gbé àdá rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó padà wálé, ó ní baálẹ̀ ni yóò bá àwọn dá a.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sọ fún mi pé òun ti ra tàkúté onírin mẹ́fà, òun fẹ́ dẹ wọ́n de ọ̀yà àti ẹtu. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo bi í léèrè àmì tí yóò fi sílẹ̀. Ó ní òun á so ewé kan ní kókó sẹ́bàá ọ̀nà.

“Bọ̀dá mi, ewé kan ò tó.”

“Ẹni tó mọ igbó á rí i.”

“Ẹni tí kò mọ igbó ńkọ́?”

“Kí ló wá wá nínú igbó onígbó?”

“Ọmọ ọlọ́mọ ni, bọ̀dá mi. Ẹsẹ̀ ni tàkúté máa ń mú, kò ní bi í pé kí ló wá wá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Ìyá Ẹ-rọra, orúkọ tó fún mi láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tèmi. Ó gé màrìwò gígùn kan láti àárín orí ọ̀pẹ, ó nà án dábùú ẹnu ọ̀nà láti ara igi kan dé ìkejì, ó fi rọ́bà dúdú tí wọ́n là lára túúbù mọ́tò dè é ní ìhà méjèèjì. Ó ń tàn yòò láàárín ewé dúdú yẹn. “Ìyá Ẹ-rọra, ó yá, ṣé kí n tún kan ìlẹ̀kùn sí i?” Mo ní ó ti tó.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọjọ́ kan péré tó dẹ tàkúté náà, mo mú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ sí abà láti lọ kó láfún. Bí mo ti ń dí àpò, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Kò pẹ́ tó fi dé. A kó ẹrù wa ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, a padà sílé.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè Imọ̀-ọ̀pẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun la ń lọ. Àwọn ọmọdé tò, wọ́n ń yí àgbàlá po, wọ́n ń kọrin, imọ̀-ọ̀pẹ tútù lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ti ọmọ mi nìkan ló yàtọ̀. Ó gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ọ̀pẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé olùkọ́ wọn ló fún un. Nígbà tó kọjá níwájú mi, mo rí rọ́bà dúdú tó rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Mo fà á jáde kúrò lórí ìlà.

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Abà ni, Mọ́mì.”

“Níbo ní abà?”

“Ẹnu ọ̀nà igbó Dádì Abà. Wọ́n ti so ó síbẹ̀, mo rò pé torí Imọ̀-ọ̀pẹ ni. Sísọ́ọ̀sì inú báàgì yín ni mo fi gé e, mo wá ká a sínú báàgì mi.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo fẹ́ yìn ín ni. Níbo ni yóò ti mọ ohun mìíràn? Ní gbogbo ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rí ọ̀pẹ tí a so, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti ń rí i. Èmi tí mo ń kìlọ̀ fún un nípa ọ̀kadà, nípa iná, nípa omi gbígbóná, mi ò rántí sọ èyí fún un rí.

Agogo mẹ́wàá ti lù. Láti agogo mẹ́ta ọ̀sán Sátidé, wákàtí mọ́kàndínlógún ni ọ̀nà yẹn ti wà ní ṣíṣí, tàkúté mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé. Nẹ́tíwọọ̀kì abà náà kì í dúró lójú kan. Mo fa ọmọ lé ìyá ìjọ kan lọ́wọ́, mo sáré jáde pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi, láìwọ bàtà. Mo dé Ọjà'ba kí n tó rí takisí Máíkírà tó gbé mi dé gáréèjì. Nínú mọ́tò abà, awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

“Wòlíì, ṣé ìran lẹ rí ni?”

Mo tún tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi.

“Tó bá jẹ́ ti táyà mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ọ́ jáde.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka òpó iná. Ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú tàkúté ni mo ń rí, ẹsẹ̀ tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Bí ọ̀kadà ṣe gbé mi dé abà, ẹ̀gbọ́n mi ń pọ́n àdá lábẹ́ òrùlé. “Ìyá Ẹ-rọra, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti tú ni?” Mo sọ fún un. Ó gbé àdá sílẹ̀. Ó ní láti ẹ̀yìnkùlé abà lòun máa ń gbà wọ igbó láti yẹ tàkúté wò, òun kò sì tíì wọ̀ ọ́ láàárọ̀ yẹn. Àwọn ará abà kejì ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó fa fìlà mọ́rí. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nígbà tó yá a ń sáré.

Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí aṣọ. Gèlè àdìrẹ kan ni, tí wọ́n nà dábùú ọ̀nà láti ara igi kan dé ìkejì, níbi tí màrìwò wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá olólú jókòó sórí agbọ̀n tó dojú rẹ̀ délẹ̀, orí rẹ̀ funfun láìbò, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

“Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn,” ó ní. “Tàkúté wà nínú.”

“Ìyá, èmi ni mo dẹ ẹ́,” ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

“Ìwọ nìyẹn. O pẹ́. Ìrì ò tíì gbẹ tí mo ti jókòó síbí.”

Mo kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti wọlé. Ó ní rárá, òun kò rí ipasẹ̀ tó wọ inú. Ó ní àwọn méjì ló wá. Eléèédú kan ló kọ́kọ́ dé, ó ní ṣé ìyá ló ni igbó ni. “Mo ní èmi kọ́, èmi náà, olè ni mo wá jà. Mo ní kó ṣáà padà.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó ilé kan, tó pọn ọmọ, tó fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sódò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde.

“Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tàkúté ṣì wà níbẹ̀? Màrìwò kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí igi. Lára igi òsì, ó fi ìdí rọ́bà hàn mí, tí ojú gígé rẹ̀ dán. Lára igi ọ̀tún, rọ́bà pé, ìwọ̀n ìka kan màrìwò ṣì há sínú rẹ̀. “Ọdẹ kì í gé e,” ó ní. “Tó bá ti kó irin rẹ̀ kúrò, ọwọ́ ni yóò fi tú u lápá méjèèjì, á sì tẹ́ ẹ sẹ́bàá ọ̀nà, ká lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo wo ilẹ̀, mi ò rí i. Ó jẹ́ pé wọ́n gbé e lọ ni.” Ó na ìka sí ojú erùpẹ̀ rírọ̀ kan. “Ọmọdé ni. Ó wọ bàtà sáńdà. Ọmọ ìlú.”

Mo ka ìwé dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì. Mi ò rí ẹni tó ka ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló kà, ó sì bá ọmọ mi nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ gèlè, ó ní ká máa wo òun. Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: mọ́kànlá. Ibi tó dúró sí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn, ewé gbígbẹ ni. Ó ti igi kan bọ inú ewé náà. Irin pa ẹnu dé, igi náà kán sí méjì, àwọn ẹyẹ dákẹ́. 

Nígbà tó padà dé, ó ti ṣí fìlà. “Ìyá, ẹ ní ọ̀nà tiyín tí ẹ ń gbà wọ ibí. Kí ló dé tí ẹ ò wá olú yín lọ?”

“Tí mo bá lọ, ta ni yóò jókòó?”

“Láti òní lọ, mo fún yín láyè. Ẹ máa wọlé.”

“O fún mi láyè.” Ó jẹ ẹ̀pà kan. “Ìyá rẹ ò tíì gbé ẹ dé abà yìí tí mo ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ó dáa, mo gbọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá a tú gèlè, kò gbà. Ó ní kó lọ gé màrìwò wá ná, kó so tirẹ̀ kó tó tú ti òun. Ó sì jókòó padà sórí agbọ̀n títí iṣẹ́ náà fi parí.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í dẹ tàkúté láìkọ́kọ́ lọ fi ẹnu sọ fún àwọn ará abà kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ mi lọ. Ìyá olólú kò bá a wí. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sídìí igi, ó fi ọwọ́ ọmọ náà sí ojú gígé rọ́bà náà, ó ní kó sọ ohun tó rí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì nìkan; ẹ fi ẹnu sọ fún àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí ẹ ń lé náà wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ nílùú, ẹ fi màrìwò han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n bá rí dábùú ọ̀nà igbó, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n padà.