Ohun Tí Kifayah Kò Lè Sọ fún Ìyá Tíṣà

Ẹni tí kò bá tíì rí owú lójú àgbàlagbà, kó wá wo Mùjíbátù Ọládòṣù ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wọn, lẹ́yìn Mọ́níyà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó ti kọ́ bàbá, ó sì ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí àyè igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ṣófo, òun fúnra rẹ̀ ti ń fi ojú inú wo àga tí yóò jókòó lé.

Àfi bí Olúwaṣìkẹ́mi ṣe dé, tíṣà tuntun, ọmọbìnrin tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ajíbodè láràárọ̀. Kíláàsì tó fara ti ti Ìyá Tíṣà ni wọ́n fún un. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan àrà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ, á ní, "Kí ni mo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí kò yé yín?" Wọ́n ní ìdajì àti ìdámẹ́rin kò yé àwọn lójú pátákó. Ó ra ọsàn ní Ṣáṣá, ó gé e fún wọn. Ó rí i pé wọ́n ń jẹ ọsàn kí wọ́n tó kà á, ló bá fi amọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó tún ń wò ó bóyá ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àkíṣọ̀n rísáàṣì, ìwádìí tí tíṣà ń ṣe lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, ni wọ́n ń pè é.

"Àkíṣọ̀n kí ni?" Ìyá Tíṣà yínmú. "Ọmọdé ló máa wá kọ́ tíṣà níṣẹ́? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Bí àwọn ọmọ bá rẹ́rìn-ín lódìkejì ògiri, ó máa ń ṣe é bíi pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Èyí tó wá burú jù ni pé Fàdìlàt, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà ní kíláàsì Ṣìkẹ́mi, kì í sì í jẹun tán láìsọ pé "Àńtí Ṣìkẹ́mi ní."

Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá, ọ̀gá ilé ìwé, wá pe ìpàdé. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀," ló wí. "Ẹ bi àwọn ọmọ yín bí Ṣìkẹ́mi ti ń bi tirẹ̀. Ẹni tó bá máa ṣe igbákejì mi, kó wá sọ ohun tí wọ́n wí fún un àti ohun tó máa yí padà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Tíṣà ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni mò ń ṣe tí kò yé yín?"

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Gbogbo ẹ̀ yé wa, Ma! Ẹ ṣeun, Ma!"

Ó tún bi wọ́n. Wọ́n tún un kọ bí orin. Ó nawọ́ sí Kifayah, ọmọ tí ìṣirò kì í tètè wọ̀ létí. Kifayah kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ó yé mi, Ma."

Kí ni yóò wá mú lọ bá ọ̀gá? Ó ń gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì nígbà ìsinmi nígbà tó gbọ́ ohùn Kifayah lọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi.

"Àńtí, Ìyá Tíṣà máa ń pa pátákó rẹ́ ká tó kọ ọ́ tán. Ẹ má sọ fún wọn o."

"Lọ sọ fún wọn fúnra ẹ."

"Háà, Àńtí! Wọ́n máa nà mí."

Owú mú Ìyá Tíṣà gan-an. Kì í ṣe owú àga mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀ wọ́n títí, tí wọn kò fún un, ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbé lọ fún ẹni àná láìbéèrè.

Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. "Wọ́n ní mo máa ń tètè pa pátákó rẹ́, Ma. Màá máa dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán."

Inú Ìyáàfin Gbọ́njúbọ́lá dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Tíṣà! Wọ́n lè sọ ìyẹn sí yín lójú?"

Àga igbákejì wà níwájú rẹ̀, ó kù kó jókòó.

"Rárá, Ma. Ṣìkẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́ fún."